Ẹ Má Bèèrè Ọdún, Ọ̀sẹ̀ Ni Kí Ẹ Bèèrè: Fún Ẹni Tí Àrùn Alzheimer Mú Ọkọ Tàbí Aya Rẹ̀ Láìtọ́jọ́

Ẹ̀yin tí mò ń kọ èyí sí ni ẹ̀yin tí ọkọ tàbí aya yín kò tíì pé ẹni ọdún 65, tí iyè rẹ̀ ti ń ra, tí dókítà sì ti dárúkọ Alzheimer, àrùn ọpọlọ tó ń jẹ iyè èèyàn díẹ̀díẹ̀, tàbí tó ń fura sí i. Àgbàlagbà tó ń ṣarán kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó ṣì ń ná ọjà, tó ṣì ń sanwó iléèwé ọmọ, tó wá ń ṣìnà lọ sílé ara rẹ̀, ìyẹn ló ń dẹ́rù bani. Ẹni ọdún 53 ni ìyàwó mi nígbà tí wọ́n sọ fún wa. Aṣọ ló ń tà ní ọjà Àtàkúnmọ́sà níbí ní Iléṣà. Ìyá Ìbejì ni gbogbo ọjà ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi ń pè é. Olùkọ́ bàólọ́jì ni mí ní iléèwé girama.

Iṣẹ́ ìtọ́jú pọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ́ ló ń gba oorun lójú èèyàn. Àìmọ̀ ni. Ọdún mélòó ló kù? Ṣé yóò ṣì dá mi mọ̀ tó bá di Kérésì? Ṣé àwọn ọmọ náà máa ní in? Ọkàn kan kò lè máa ru gbogbo ìbéèrè yìí láti àárọ̀ dalẹ́. Ohun tó gbà mí ni pé mo là wọ́n sí méjì: èyí tó ní ìdáhùn níbì kan, àti èyí tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n láyé. Ẹ sáré wá ìdáhùn sí ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì, ẹ má fi ọdún wọ̀n ọ́n, ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa fi wọ̀n ọ́n.

Ẹ rí i dájú pé òun gan-an ni

Ohun púpọ̀ ló ń mú iyè ra tí kì í ṣe Alzheimer, àwọn kan nínú wọn sì gbóògùn. Bí ẹ̀yà ara inú ọrùn, níbi tí gègè ti ń yọ, kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí fítámì B12 bá lọ sílẹ̀ lára. Bí HIV tàbí syphilis tí wọn ò tọ́jú bá dé ọpọlọ. Bí èèyàn bá ti ṣubú, tó forí gbálẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì dì sábẹ́ agbárí. Bí ìbànújẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára títí tó fi di àìsàn: gbogbo wọn lè jọ ọ́. Oògùn pàápàá ń dá kún un. Piriton tí ọ̀pọ̀ wa ń lò fún ara yíyún, tàbí kí oorun lè kùn wọ́n, wà lára oògùn tó ń mú ọkàn ẹni tí iyè rẹ̀ ń ra dàrú sí i. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò sínú ọ̀rá, àti àgbo pẹ̀lú, kí ẹ kó o lọ bá dókítà. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lórí àwọn nǹkan tí mo kà yìí, àti fún àwòrán ọpọlọ. Ní Iléṣà níbí, ilé ìwòsàn Wesley Guild jẹ́ ẹ̀ka OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì tó wà ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ sì lè ní kí wọ́n kọ ìwé fún yín láti lọ rí dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ.

Ibi tí a kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní nǹkan oṣù rẹ̀ tó ń dáwọ́ dúró ló ń dà á láàmú, pé kó máa lọ sinmi. Ohun tó jẹ́ kí dókítà kejì fara balẹ̀ gbọ́ wa ni pé a mú àpẹẹrẹ dání. Ẹ má sọ pé "ó ń gbàgbé nǹkan"; ta ni kì í gbàgbé? Ẹ sọ ohun tó ṣe gan-an, kí ẹ sì sọ bó ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ọmọ òṣómàáló ni ìyàwó mi, inú orí ló ń kó gbèsè oníbàárà sí. Ó mọ ẹni tó jẹ ẹ́ àti iye tó jẹ láìwo ìwé. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ fún dókítà ni pé ó ti ń lọ sin gbèsè tó ti gbà tán, àti pé ó ta odidi ìdì àǹkárá ní iye owó ọ̀pá kan, tó sì ń jiyàn pé owó náà pé.

Ẹ mú ẹbí rẹ̀ dání

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ fetí sí èyí. Bí iyè obìnrin bá ń ra ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún nílẹ̀ wa, ojú ọkọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. "Kí ló fi ìyàwó rẹ̀ ṣe?" Bó bá sì jẹ́ ọkùnrin ló ń ṣàìsàn, wọ́n á ní ìyàwó ti fún un jẹ nǹkan. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bá yín nílé. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́, mo bẹ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ọkùnrin pé kó bá wa wọlé sọ́dọ̀ dókítà, kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́, kó sì béèrè ohunkóhun tó bá wù ú. Òun ló padà lọ ṣàlàyé fún àwọn ará ilé wọn. Ọmọ wọn ló bá wọn sọ ọ́, wọ́n sì gbà á.

Àwọn kan yóò ní àìsàn òyìnbó ni, pé kì í ṣe Yorùbá. Láti 1992 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti Ìbàdàn àti Indianapolis ní Amẹ́ríkà ti ń tọ àwọn àgbà tó ti pé 65 lẹ́yìn, ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn àti láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001, àwọn tó ń ní in ní Ìdíkàn lọ́dọọdún kéré sí ti Amẹ́ríkà, kò tó ìdajì rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ fi ìyẹn dá wọn lóhùn, kí ẹ má sì bá wọn fà á jìnnà.

Ẹ pe ìpàdé ẹbí, ti ọkọ àti ti ìyàwó. Ẹni tó bá béèrè pé kí ni kí òun ṣe, ẹ dárúkọ ohun kan pàtó àti ọjọ́ kan pàtó fún un: "Ẹ wá jókòó tì í lọ́sàn-án Ọjọ́rú kí n lè kọ́ kíláàsì mi tán." Ẹ sọ fún aládùúgbò náà, àti àwọn ọlọ́kadà tó wà ní ìkóríta. Obìnrin tó bá jáde lóru tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò yé èèyàn, ẹlòmíràn lè pè é ní àjẹ́ tó ń jẹ́wọ́, kí wọ́n tó mọ̀, wọ́n ti ṣe é léṣe. Àwọn tó mọ̀ pé àìsàn ni yóò mú un wá sílé. Èyí ju ìtìjú lọ. Ẹ má fi í pamọ́.

Ìwé àti owó

Èyí ló ní àkókò tirẹ̀ tó ń lọ tí kì í padà. Ìwé tí ẹni tí kò lóye ohun tó ń fọwọ́ sí bá fọwọ́ sí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nílé ẹjọ́. Torí náà, nígbà tó ṣì lóye, ẹ lọ bá lọ́yà: ìwé ilẹ̀, ìwé ìhágún, ẹni tí yóò máa ṣojú rẹ̀. Ẹ bi báńkì léèrè bí ẹ ṣe lè jọ máa fọwọ́ sí àpò owó. Ẹ bá alájọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ni, ẹ béèrè nípa fífẹ̀yìntì nítorí àìsàn, kó má jẹ́ pé wọ́n á kọ́kọ́ fìwé lé e lọ́wọ́ pé kò mọṣẹ́ ṣe mọ́.

Ti gbèsè ọjà ni mo fẹ́ sọ díẹ̀ sí i, torí ó kọ́ mi ní ohun tí mo ń lò títí di òní. Mo jókòó tì í nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìwé ńlá kan láti kọ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ta ló kù tí kò tíì san?" Ó wò mí, kò rí nǹkan kan sọ, ojú sì ń tì í. Mo bá gbé àpò tó ń kó ègé aṣọ sí wá, àwọn tó fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún oníbàárà. Mo na ọ̀kan sí i, àǹkárá aláró tó ní òdòdó pupa. Ó fi àtàǹpàkò ra etí aṣọ náà lọ, ó rà á bọ̀, ó ní, "Ìyàwó onífọ́tò ni. Ọ̀pá mẹ́fà. Ìlàjì ló san." Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ láti orí ègé kan dé òmíràn títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ bá àwọn oníbàárà, ọ̀pọ̀ ohun tó sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹni tí iyè rẹ̀ ń ra. Ẹ fi ohun tó mọ̀ lé e lọ́wọ́, kí ẹ sì dákẹ́ fún un díẹ̀.

Nínú ìwé yẹn kan náà ni mo kọ ohun tó fẹ́ sí: ẹni tó fẹ́ kó máa wẹ̀ ẹ́ bí òun kò bá lè dá wẹ̀ mọ́, àti ibi tí kò fẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ. Ó ní òun kò fẹ́ ilé àdúrà tí wọ́n ti ń de èèyàn mọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹnì kan nínú ẹbí wá mú àbá irú ibẹ̀ wá, mo ka ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí wọn létí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Mi ò ní láti ro ohun tí ì bá fẹ́, mo ti mọ̀ ọ́n.

Èyí tí kò sẹ́ni tó mọ̀

Ní 1901, ní ìlú Frankfurt ní Jámánì, ọkùnrin kan tí iyè ìyàwó rẹ̀ ń ra mú un lọ sílé ìwòsàn. Auguste Deter lorúkọ obìnrin náà, ẹni ọdún 51 ni. Dókítà Alois Alzheimer ló bá a sọ̀rọ̀, tó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà kú ní 1906, dókítà náà yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó rí ìdọ̀tí tó ṣù pọ̀ láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì àti òwú tó lọ́ pọ̀ nínú wọn, ó sì ròyìn rẹ̀ lọ́dún yẹn náà. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ara ẹni tí kò tíì darúgbó gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àìsàn yìí. Ọkọ tirẹ̀ náà ti dúró níbi tí a dúró sí.

Láti ìgbà náà wá, kò sí dókítà tó lè fi ìka sórí kàlẹ́ńdà pé ọjọ́ báyìí ni báyìí yóò ṣẹlẹ̀. Wọ́n sábà máa ń dárúkọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí i, àwọn mìíràn sì ń lo tó ogún ọdún. Èwo ni tiyín? Kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má tún padà lọ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà mìíràn.

Ohun tí mò ń ṣe ni pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo máa ń kọ ohun tó dá ṣe lọ́sẹ̀ náà, àti ohun tí a jọ ṣe. Wíwẹ̀. Gèlè wíwé. Iná dídá. Títi ilẹ̀kùn. Bí ohun kan bá yí padà lọ́jọ́ kan péré, mi ò kà á sí. Ó lè jẹ́ pé kò sùn dáadáa lóru. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ léra, mo gbà pé ó ti yí padà, mo sì ṣètò fún un lálẹ́ Sunday yẹn. Bí ọ̀rọ̀ gáàsì ṣe yanjú nìyẹn: nígbà tó fi í sílẹ̀ láìpa á lọ́sẹ̀ kan, tó tún fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, mo gbé sílíńdà síta, mo ń ti pádì rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, òun sì ń gé ẹ̀fọ́, ó ń ṣa ìrẹsì, èmi ń dáná. Mi ò gba iná dídá lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rù. Kò sì gbà pé kí n máa ronú nípa ọdún tó ń bọ̀.

Ìlànà ọ̀sẹ̀ méjì yìí ń ṣiṣẹ́ lápá kejì pẹ̀lú. Ọjọ́ kan yóò wà tí ara rẹ̀ máa yá, tí yóò bá yín ṣàwàdà, tí yóò dárúkọ gbogbo ọmọ àbúrò rẹ̀. Ẹ gbádùn ọjọ́ náà tọkàntọkàn. Ẹ má torí ẹ̀ dá oògùn dúró, ẹ má sì sá lọ jẹ́rìí pé àìsàn náà ti lọ.

Bó bá yí padà lójijì

Àìsàn yìí kì í sáré. Bí ẹni tó dá jẹun lánàá kò bá mọ síbí mọ́ lónìí, tó ń rí ohun tí kò sí níbẹ̀, tàbí tó ń sùn ṣáá, nǹkan mìíràn ló dé sí i: ibà, àrùn inú ìtọ̀, ìgbẹ́ tó dì, omi tó tán lára, tàbí oògùn tuntun. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kì í ṣe bó ṣe máa ń rí nìyí. Ìwé Sunday yín ni ẹ̀rí. Èyí ṣe pàtàkì, torí ọ̀pọ̀ ló ń rò pé ìpele tó kàn ló dé, wọ́n á fọwọ́ lẹ́rán, bẹ́ẹ̀ ohun tó gbóògùn ni.

Ìrọ̀lẹ́

Láti nǹkan bí agogo mẹ́rin lọ, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́. "Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ n máa lọ sílé." Nínú ilé tí a jọ kọ́ ló ti ń sọ ọ́. Ẹ má sọ pé "ilé rèé o". Kò ní gbà, ẹ̀yin méjèèjì á sì bínú. Ilé bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ló ń sọ. Mo máa ń ní kó sọ fún mi bí ilé náà ṣe rí, ẹni tó wà níbẹ̀, igi tó wà lẹ́yìnkùlé. Bó bá sọ ọ́ tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti rọ̀, a ó sì jẹun.

Òkùnkùn ń dá kún un. Ẹ má dúró kí iná ọba lọ tán kí ẹ tó wá àtùpà. Ẹ tan iná alágbárajọ, èyí tí a ń fi iná ọba gba agbára sí, kí ojú ọjọ́ tó ṣú, kí òjìji má baà pọ̀ lára ògiri. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń tẹ́ ẹní, mo ń kó aṣọ tí a kò tà tán lé e. Yóò mú etí aṣọ, yóò nà án láti àyà títí dé orí ìka, yóò ṣẹ́ ẹ po, yóò tún nà án. Iye tó ń kà lẹ́nu kò tọ̀nà mọ́. Mo ti fi igi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n: ọ̀pá tó ń nà ṣì péye. Ibi tí ọpọlọ ń tọ́jú iṣẹ́ tí ọwọ́ ti mọ́ sí yàtọ̀ sí ibi tí àrùn yìí sábà ń kọ́kọ́ bà jẹ́, torí náà ọwọ́ lè mọ ohun tí ẹnu ti gbàgbé. Ẹ wá iṣẹ́ tí ọwọ́ ẹni tiyín mọ̀, ìrun dídì ni o, ẹ̀gúsí bíbó ni o, kí ẹ gbé e fún un lákòókò tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀.

Télọ̀ wa ti rán nọ́ńbà fóònù mi mọ́ abẹ́ ọrùn gbogbo bùbá rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó jáde lọ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn ọmọ, àti oògùn

Àwọn ìbejì wa wà ní yunifásítì, wọ́n sì béèrè tààrà: "Ṣé àwa náà máa ní in?" Ẹ má parọ́, ẹ má sì dẹ́rù bà wọ́n. Jíìnì, ohun inú ara tí òbí fi ń gbé àbùdá fún ọmọ, mẹ́ta ló wà, APP, PSEN1 àti PSEN2, tó jẹ́ pé bí òbí bá ní àṣìṣe nínú ọ̀kan nínú wọn, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú méjì láti jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn tí àrùn yìí mú kí wọ́n tó pé 65 ló ní irú ìyẹn, ó sì sábà máa ń hàn nínú ìdílé, láti ìran dé ìran, ní ọjọ́ orí tó sún mọ́ra. Bàbá àti ìyá ìyàwó mi dàgbà gan-an pẹ̀lú ọpọlọ pípé. Mo sọ èyí fún àwọn ọmọ, mo sì fi kún un pé bí wọ́n bá fẹ́ ṣàyẹ̀wò lọ́jọ́ iwájú, àgbàlagbà ni wọ́n, ìpinnu tiwọn ni, kí wọ́n kọ́kọ́ bá ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ti oògùn, donepezil ni wọ́n fún ìyàwó mi. Ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, kò dá àrùn náà dúró. Ó lè da inú rú, ó lè mú kí ọkàn lù díẹ̀díẹ̀, ó sì lè fa àlá burúkú. Bí àlá bá pọ̀, ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè máa lò ó láàárọ̀. Àwọn ẹbí tó wà lókè òkun yóò fi ọ̀rọ̀ oògùn tuntun ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ọ̀kan lára wọn, lecanemab, gba àṣẹ kíkún ní Amẹ́ríkà ní 2023. Ẹni tó ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn ló wà fún, inú iṣan ni wọ́n sábà ń fà á sí, ó ń mú ìrìn àrùn náà falẹ̀ díẹ̀, kò wò ó sàn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa ya àwòrán ọpọlọ léraléra nítorí ó lè wú tàbí kó ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ má ta ilẹ̀ nítorí ohun tí ẹ kà lórí fóònù.

Ara tiyín

Ẹkún yóò máa wá nígbà tí ẹnikẹ́ni kò kú. Ọ̀fọ̀ ni, ẹ jẹ́ kó wá. Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tí kì í fún mi nímọ̀ràn, ó kàn ń bá mi rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́yìn ìsìn. Ẹ wá irú ẹ̀ kan. Ẹ lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín, kí ẹ sì máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù, torí àìsùn àti ìrònú kì í fi ẹnì kan sílẹ̀.

Kí ẹ sì kọ ojú ìwé kan ṣoṣo fún ẹni tí yóò dúró rọ́pò yín bí ara yín kò bá yá: oògùn rẹ̀ àti àkókò tó ń lò ó, oúnjẹ tí kì í jẹ, nọ́ńbà dókítà, orúkọ tó ń dáhùn sí kíákíá, ohun tó ń bà á lẹ́rù, àti ibi tí ìdì aṣọ wà. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní ẹ̀dà kan, ìyá tó wà lódìkejì ọ̀nà ní ọ̀kan, ọ̀kan sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá. Nígbàkígbà tí oògùn bá yí padà, ẹ tún un kọ, kí ẹ sì ya ti àtijọ́ níbi gbogbo tó bá wà.